Dírẹ́bà Tó Gba Ìwé Ẹ̀rí

Ìyá Yọ̀mí mi,

Mo ti dé Àkúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ yà sí. Má jáyà. Oúnjẹ wọn kò burú, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kì í sì í hanrun.

Dírẹ́bà wa ló fà á. Láàárọ̀ àná, ní gáréèjì Oǹdó, alága ẹgbẹ́ àwọn dírẹ́bà, tí agbádá rẹ̀ gba àga méjì, fi odidi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí àyè tó yẹ kí ọkọ̀ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú. Ó sì fún dírẹ́bà yìí ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gbẹ́ni lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, òun náà wá lọ lẹ̀ mọ́ ìdí agbégilódò.

Mo ní, “Ọmọ mi, fi àyè sílẹ̀. Tó bá tẹ bíréèkì lójijì ńkọ́?”

Ó ní, “Tíṣà, ẹ sinmi. Tí mo bá fi àyè sílẹ̀, ẹlòmíì á kó sí i.”

Àwọn èrò ọkọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí agbégilódò tẹ bíréèkì.

Dírẹ́bà náà wá kí mi láàárọ̀ yìí. Ó ní ṣé mo bá òun rí ìwé ẹ̀rí òun nínú àfọ́kù gíláàsì.

Nọ́ọ̀sì Goodness ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ìkọ̀wé rẹ̀ burú, mo sì ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Dókítà ní ọwọ́ ọ̀tún mi kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni.

Bá mi kí gbogbo akọrin. Sọ fún Stephen kó bá mi tẹ dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Oṣù Kẹta la ṣì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó ti máa fi àwọn orin Kérésìmesì dánra wò.

Bàbá Yọ̀mí