Ọ̀nà Orí Òkè Kì í Ṣe Títà

Èmi tí gbogbo ará òkè yìí ń pè ní Ìyá Oníbaaka ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí wà nínú ìwé ilẹ̀ mi ní kóòtù. Bí mo bá kọ ọ́ síbí, kò sí aládùúgbò tí yóò mọ ẹni tó kú. Orí mi pé, ojú mi ríran dé òdìkejì àfonífojì, orúnkún nìkan ló kọṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi.

Tíṣà àgbà àti apòògùn ni mo yàn láti mú ìwé ìhágún yìí ṣẹ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ràn àríyànjiyàn, nítorí náà n ó ṣàlàyé.

1. Ilé mi ní abúlé àárín di ti ọmọ mi ọkùnrin. Òrùlé ń jò lápá ibi tí ìjì ti ń wá. Mo ti ń sọ fún un láti ìgbà tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀ wíwà.

2. Ìbaaka, gàárì rẹ̀ àti gbogbo okùn di ti ọmọ mi obìnrin, kí ó máa ru ẹrù lọ sókè bí mo ti ń ṣe.

Ìbaaka náà a máa dúró fúnra rẹ̀ níwájú ilé alágbẹ̀dẹ. Kí ọmọ mi má nà án, èmi ni mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, alágbẹ̀dẹ yẹn nìkan ló máa ń béèrè bí ọ̀nà ti rí kó tó béèrè ẹrù rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà ti lọ.

Kí kóòtù lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn: abúlé mẹ́ta ló wà lára òkè yìí. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń pe àwa ti àárín ní ará òkè, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń pe àwọn tó wà lókè pátápátá bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn kò rí ẹni pè, wọ́n wá ń pe ewúrẹ́ orí àpáta ní ará òkè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gba inú ilẹ̀ mi kọjá láàárín àpáta méjì, níbi tí ìbaaka méjì kò ti lè pàdé kí ọ̀kan má padà sẹ́yìn.

3. Oníléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta fẹ́ ra ilẹ̀ yẹn. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ tà á. Kì í ṣe olójúkòkòrò, ọmọ ló bí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òun kò ní tà á, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́ díẹ̀ yóò gbà. Bí wọ́n bá fọ́ àpáta náà, abúlé òkè ti parẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, mo fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lókè ní ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí ilẹ̀ náà di ti abúlé rẹ̀ lápapọ̀.

Gbogbo yín mọ̀ pé a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn òbí wa kú, mo ní ká ta ilé wọn lókè kí ẹ̀gbọ́n mi wá máa bá mi gbé. Ó lé ẹni tó fẹ́ rà á jáde, ó ní àfi kí n bẹ òun. N kò bẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé iyọ̀ àti kẹrosíìnì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìbaaka ló ń kí kú ọ̀nà. Ìbaaka ló ń rán sí mi pé ọṣẹ ti tán. Èmi náà á ní kí ìbaaka sọ fún un pé mo gbọ́. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo mọ̀ lórí òkè yìí tí owó kò lè yí lérò padà.

4. Kí ẹnikẹ́ni má dúró ní òdìkejì àfonífojì kó máa kígbe ikú mi sí ẹ̀gbọ́n mi, bí a ti máa ń ṣe tí ẹsẹ̀ bá ń dùn wá. Kí Tíṣà àti apòògùn gòkè lọ fúnra wọn. Yóò kọ́kọ́ kọ ilẹ̀ náà. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi tó bá fún wọn. Bí ó bá béèrè bóyá mo bẹ òun, n kò tí ì rí ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́ títí di òní, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Mo fọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú nínú yàrá ìdáná mi, lójú ẹni méjì tí kò ní ogún nínú rẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Ìyá Oníbaaka

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Oníbúrẹ́dì abúlé àárín
Káfíńtà tó múlé gbè é