Yàrá Ìsàlẹ̀ fún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ kò fi ojú rẹ gbolẹ̀ mọ́? Bí o bá ń bèèrè wa, a wà níbẹ̀, a ò lè sọ pé a dùbúlẹ̀, a ò sì lè sọ pé a dúró. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sẹ́yìn tábìlì nítorí ọ̀rọ̀ rẹ, orí rẹ á bá a sọ èyí tó máa yé e. Àmín.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Páànù tó wà lókè ibùsùn mi ti tún ń jò, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, mo sì yí orí mi sí ibi tí ẹsẹ̀ ń wà tẹ́lẹ̀. Bíríkìlà tó kọ́lé fún ìdajì ìlú ni ilé tirẹ̀ ń jò, ìwọ náà wo ayé. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni fóònù mi bọ́ sí lálẹ́ àná nígbà tí mo fẹ́ pè ọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́tà lo ń rí. Mo ti tú u sínú oòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn gan-an ò dúró.

Ìyá rẹ ńkọ́? Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà tèmi ló ń wọ̀ báyìí. Ojú rẹ̀ náà máa ń wú láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré wa wò ó, ó mi orí, ó ní ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló yẹ kó máa dé ìdí rẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan tí à ń gbé e lọ yìí, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ti lu ni. Mo ní ọ̀nà ló ń pa á, kì í ṣe àìsàn nìkan. Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti já sí kòtò, á di ọwọ́ mi mú, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí a ó fi dé. Nọ́ọ̀sì ní bí kò bá rí ibi tó sún mọ́ ẹ̀rọ náà gbé kí ọdún yìí tó parí, kí a má tan ara wa. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ibí ni mo kọ ọ́ sí nítorí mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti gbìyànjú. O gbé e sọ́dọ̀ rí nínú yàrá kan ṣoṣo tí o háyà lókè téńté. Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí àwọn ará ilé yín fi àga gbé e gun àtẹ̀gùn, tí onílé rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá, tó ní òun ò gba aláìsàn sílé òun. Nítorí náà, nígbà tí o ní o ti rí ilé kékeré kan tó ní yàrá nísàlẹ̀, tí balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ìyá rẹ jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di àwọn aṣọ rẹ̀ sínú báàgì dúdú, ó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló wà látìgbà náà. Bó bá fẹ́ wọ aṣọ kan, á tú báàgì, á mú un, á sì tún un dì padà.

Ọ̀rọ̀ báǹkì tí o ṣàlàyé fún mi, ó yé mi dáadáa. Mo tiẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún káfíńtà ọ̀rẹ́ mi, èyí tí à ń pè ní Ìṣó-kì-í-tẹ̀. Mo ní báǹkì ni yóò san owó fún ẹni tó ni ilé, ìwọ yóò kó wọlé, ìwọ yóò wá máa san án fún báǹkì díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ yóò fi hu ewú, ilé náà gan-an ló sì máa ṣe onídùúró, tí o ò bá san án, wọ́n á gba ilé. Ìṣó ní onídùúró tí kò lẹ́nu, tí kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá, òun ló dáa jù, nítorí òun ti dúró fún ẹnì kan rí, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó òun ni wọ́n gbé lọ. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní bó bá jẹ́ pé báǹkì ló ni ilé jù ọ́ lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, yàrá wo ni wọ́n á máa lò? Mo rò ó títí. Mo fẹ́ kí o yára fún wọn ní yàrá òkè, kí o tẹ́ ibùsùn tó dáa sí i, kí wọ́n má baà dé lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní ìsàlẹ̀ làwọn fẹ́, nítorí ìyá rẹ ò lè gun òkè. Bí ẹni tí wọ́n rán wá bá ń hanrun, ìyẹn ò kàn wá, kó ṣáà ti wà lókè.

O ní wọ́n tún máa rán ẹni tó ń díye lé ilé wá. Tẹ̀ lé e kiri. Fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, bíríkìlà ti jí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. O sì ní wọ́n ń wo bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ fún oṣù mélòó kan, pé o ò gbọdọ̀ ra ọjà àwìn, o ò gbọdọ̀ yáwó níbòmíràn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àna ń wádìí rẹ̀ kì í pariwo ládùúgbò.

Ní ti owó tí mo fi kún àsansílẹ̀ rẹ, èyí tí báǹkì ní kí o kọ́kọ́ mú wá, má sunkún mọ́ pé mo ta ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù mi. Ẹ̀yìn mi ò lè gbé e mọ́, ó kàn jókòó sínú àgbàlá tó ń wò mí ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rà á ń fi sìmẹ́ńtì sí iyanrìn bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀, bí ewúrẹ́ bá fara yún un, ó ti di erùpẹ̀. Mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà rí i.

Ìwé tí o wá fi ránṣẹ́ pé kí n tọwọ́ bọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní èmi bàbá rẹ fi owó yìí ta ọ́ lọ́rẹ, pé mi ò ní bèèrè rẹ̀ láéláé, pé mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà. Ọmọ mi, ẹni tó kọ ọmọ sílẹ̀ ló ń tọwọ́ bọ irú ìwé yìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́, bóyá kò mọ bàbá rẹ̀, bóyá òun àti bàbá rẹ̀ ò rí ara wọn sójú. Ó ṣe mí bíi kí n fà á ya, ṣùgbọ́n mo rántí pé o ní báǹkì ń retí rẹ̀. Mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo ohun tó wà lókè, pé ilé ọmọ mi ilé mi ni, pé bàbá àti ọmọ ò lè pín. Mi ò tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ mọ́ kó má baà pẹ́. Àdírẹ́sì báǹkì wà lórí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn tààrà.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe pè mí lánàá. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní òun lòun ń bójú tó ìwé rẹ, pé òun fẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo kọ. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, lórí òkìtì iyanrìn tó ṣẹ́kù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa, mo sì ṣí fìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi. Ó bi mí bóyá ẹ̀bùn ni owó náà àbí o máa dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń jẹ́ ẹ̀bùn láàárín bàbá àti ọmọ, pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ó ní ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé o máa máa san nǹkan fún wa. Mo ní oṣooṣù, títí a ó fi kú. Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Ọlọ́run ló fi obìnrin yìí ránṣẹ́, kí n lè bá ọ bẹ̀bẹ̀. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ọmọ ẹni bá fẹ́ yáwó, àgbà ló ń tẹ̀ lé e lọ, àgbà kì í sì í dé iwájú olówó kó máa yangàn. Ẹni tó ní kì í yá. Bí o bá ní ọmọ rẹ ń rí jẹ, wọ́n á ní kí ló wá wá? Àánú ló ń ṣí àpò. Bí bàbá tèmi ṣe bẹ̀bẹ̀ fún mi nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, ó ní wèrè nìkan ló kù tí kò tíì bá mi, wọ́n sì fún mi lówó lọ́jọ́ náà.

Mo bá bọ́ sí i. Mo ní ọmọ mi yìí, kò ní nǹkan kan. Mo ní owó oṣù rẹ̀ kì í bá oṣù dé ìdajì, àwa là ń jẹ ẹ́ tán. Mo ní òun ló ń ra oògùn ìyá rẹ̀, òun ló ń san owó ẹ̀rọ, òun náà ló ń rán àbúrò rẹ̀ nílé ìwé. Mo ní iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn gan-an, wọ́n lè lé e lọ́la, nítorí ó ti pa ibiṣẹ́ jẹ jù nítorí ìyá rẹ̀. Mo ní ó ń jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn lówó. Mo mọ̀ pé o ti ní o san ìyẹn tán, mo kàn fi kún un kí ọ̀rọ̀ lè wọ obìnrin náà lára ni. Obìnrin náà ní òun ò rí gbèsè kankan nínú ohun tí o kọ fún àwọn. Mo ní ojú ló ń tì ọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá ràn án lọ́wọ́, kò síbi tó fẹ́ gbà, ìyá rẹ̀ á kú sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ni ẹkún gbé mi, ẹkún gidi ni, mi ò fi ṣe eré.

Mo tún gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, mo sì mọ̀ pé mo ti rí i mú. Ó ní òun bá wa kẹ́dùn. Mo ní kó má kẹ́dùn, kó yá wa lówó. Ó ní bàbá, ẹ ṣeun, pé ohun tí mo sọ wúlò fún àwọn gan-an, pé òun máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ bí mo ṣe sọ ọ́, kò ní yọ nǹkan kan. Mo gbàdúrà fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi tí mi ò wọ báǹkì rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èmi ni mo bá ọ parí rẹ̀ lórí òkìtì iyanrìn.

Mo wọlé tọ ìyá rẹ, mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé á yìn mí ni. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo sọ pé o jẹ gbèsè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé mo sọ pé wọ́n lè lé ọ níbi iṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó di ògiri mú, ó rìn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì tú báàgì rẹ̀. Ó mú àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n kọ́ sórí okùn, ó ká báàgì náà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Mo ní kí ló dé, nígbà tí ilé ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ó ní aṣọ máa ń hunjọ bó bá pẹ́ nínú báàgì. Òun náà ló ní kí n jókòó lónìí kí n kọ ọ́ sí ọ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, kí n má fi ọ̀kan pamọ́, kí n sì fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi gbé fóònù lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Oògùn ìyá rẹ, èyí funfun kékeré, kò ní pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni owó ọkọ̀ fún ẹni méjì, àlọ nìkan. Ìyá rẹ ní kí n má bèèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni olórí ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, mi ò fẹ́ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó ọkọ̀ kiri.

Ọlọ́run á fi ilé náà jíǹkí rẹ. Ayọ̀ lo máa fi ṣílẹ̀kùn rẹ̀. O ò ní ṣí i fún òkú, o ò ní tì í mọ́ ara rẹ. Ojú ìyá rẹ á rí i, ẹsẹ̀ ìyá rẹ á tẹ̀ ẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, bíríkìlà.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí. Ìyá rẹ ní kí n kà á sí òun létí kí n tó dì í, mo sì kà á tán. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, bí òun ṣe sọ ọ́ ni kí n kọ ọ́: pé kí o má bínú sí bàbá rẹ. Mi ò mọ ohun tí wàá bínú sí. Mo bi í, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.