Òkúta Mélòó Ni Wọ́n Rí?

Abúlé wa, lẹ́bàá Ọ̀fàdà,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Tolúlàṣẹ, Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú ìrọ́jú, o kú wàhálà ìlú Ìbàdàn. Ṣé ara rẹ le, ṣé o sì ń jẹun? Ẹni tó dá ọ kò ní gbàgbé ọ láàárín èrò, ojú tó ń wo ọ̀nà rẹ kò ní rẹ̀ kó tó rí ọ, àmín. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, àmọ́ wọn ò tíì gbà pé ó fúyẹ́, nítorí bí wọ́n bá gbà, oko ló kàn. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì kò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́.

Mo mú bírò nítorí pé fóònù ti sú mi. Oyíndà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ fi hàn mí pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, àmì méjì á yọ lábẹ́ rẹ̀, bó bá sì ti di búlúù, o ti kà á nìyẹn. Mo rò pé bí aró ni, pé ó ń fẹ́ àsìkò kó tó mú, mo sì sá fóònù náà sóòrùn kó lè tètè mú, Oyíndà ló wá gbé e kúrò. Ó ti di búlúù láti ọjọ́ kejì Àjíǹde, n kò sì rí èsì. N kò bínú. Mo kàn ń sọ fún ọ pé mo rí i.

Ohun tó o sọ nígbà tó o pè kẹ́yìn ni mò ń rò láti ìgbà náà. O ní ilé-ẹ̀kọ́ tó o ti fẹ́ ka másítàsì kò gbà ọ́, pé ẹgbẹ̀rin èèyàn ló ń du àyè ogún, pé wọ́n kọ́kọ́ fi ọ́ sórí ìlà àwọn tó ń dúró, ìwọ ni ẹni kẹta, kí wọ́n tó wá ní kó o máa lọ. O ní o ò tún ní gbìyànjú ẹ̀ mọ́ láyé. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan nípa ìlà yẹn. Ṣé o fi nǹkan gba àyè rẹ? O mọ̀ pé bí a bá lọ sílé ìwòsàn ní Owódé láàárọ̀, bàtà la máa ń tò sórí ìlà, kálukú á wá lọ jókòó lábẹ́ igi, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ré bàtà ẹnì kejì kọjá. Ká ní o sọ fún mi nígbà náà, ǹ bá wọ mọ́tò wá fi bàtà mi lélẹ̀ fún ọ. Oyíndà ní inú kọ̀ǹpútà ni ìlà náà wà. Mo ní kò burú, ibikíbi tó bá wà, èèyàn náà ló ń tò ó.

O tún ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọ inú fọ́ọ̀mù náà ti tì, pé oṣù kẹwàá ni yóò tún ṣí. Mo ti di ìrẹsì kóńgò méjì fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o, ìkíni lásán ni, kó lè mọ̀ pé o nílé. Òun náà á ti dúró pẹ́ nínú oòrùn.

Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn ẹlẹ́rìí. O ní fọ́ọ̀mù béèrè èèyàn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ. Ta ni àwọn mẹ́ta tó o lò? Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó ní kó o kọ ọ́ fúnra rẹ kí òun fọwọ́ sí i, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tó ń pè ọ́ ní Tolúlọpẹ́, àti pásítọ̀ tó ò rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo ní àṣìṣe wà níbẹ̀, mo sì jókòó láti tún un ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì mo pe àwọn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́, mo gbé ìwé sórí itan mi, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àlímátù tó ni ẹ̀rọ tí a fi ń bó ìrẹsì ní kí n kọ ọ́ pé nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, o jókòó ṣa òkúta nínú ìrẹsì òun láti àárọ̀ dé ọ̀sán, o wá to àwọn òkúta náà, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, o ní o fẹ́ mọ èyí tó ti oko wá àti èyí tó jẹ́ ti ibi tí a sá a sí. Òun bi ara òun pé ta ló bí irú eléyìí. Abdulkabir ọlọ́kadà ní lọ́jọ́ tí omi bo afárá, òun yí ọ̀kadà òun padà nítorí pé òun níyàwó nílé, ṣùgbọ́n ìwọ bọ́ bàtà, o gbé ìwé lérí, o sì dé ibi ìdánwò ní Owódé kí olùkọ́ tó dé. Ó ní kí n má kọ apá ibi tí òun ti yí padà. Mo ti kọ ọ́.

Tíṣà Ọbáfẹ́mi tó kọ́ ọ ní pírámárì ló kẹ́yìn, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní ẹ̀rí wa dára, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní gba ti ọlọ́kadà, ẹni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní yunifásítì ni wọ́n ń wá. Wọ́n bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́ níbẹ̀ bí Àlímátù ṣe mọ̀ ọ́? Mo wá rántí Dókítà Èyítáyọ̀ tó máa ń jágbe mọ́ ọ nínú oko irúgbìn, tó ní kó o tún ilẹ̀ kan náà wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. O ò bẹ obìnrin náà, o ní ó le jù. Tíṣà ní òun gan-an ni kó o lọ bá, kó o sì tètè lọ, má dúró dìgbà tí ẹnu ọ̀nà bá ṣí. Wọ́n ní ẹni tó bá èèyàn wí ló mọ ibi tó ti dára.

Ṣé o rántí ọdún tí oníbàárà mi ní Adigbe dá ìrẹsì mi padà nítorí òkúta? Mo sunkún láti Adigbe dé ilé, mo ní n kò ní gbin ìrẹsì mọ́ láyé, bí ìwọ náà ṣe wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo padà lọ, n kò ru nǹkan kan, mo kàn lọ bi wọ́n pé òkúta mélòó ni wọ́n rí. Ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní ẹnì kankan ò bi àwọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní mẹ́ta, nínú agolo kan. Èmi ti rò pé gbogbo ìrẹsì náà ni kò dáa. Ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò sá a sórí ilẹ̀ mọ́, tapólì ni mo sá a sí, wọ́n sì rà á. Kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, bi wọ́n. Ó lè jẹ́ mẹ́ta péré.

Ilé dákẹ́. Ìrẹsì tí mò ń sè ṣì ń pọ̀ jù wá lọ, ọwọ́ mi ò tíì gbà pé o ò sí nílé. Bàbá rẹ ní ojú ló ń tì ọ́ tí o ò fi wá. Mo ní ojú ta ni? Ṣé ojú èmi tí mo nu ikun rẹ?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Tapólì wa ti ya, mo fẹ́ òmíràn kí ìkórè tó dé, mo sì fẹ́ owó ìpara fún ẹsẹ̀ bàbá rẹ tí wọ́n ní kò fúyẹ́. Oyíndà ní kó o kàn fi í sínú àkáǹtì òun, pé ìṣẹ́jú kan ni. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó tó bá gba inú afẹ́fẹ́ wá, n kò mọ ẹni tó ti fọwọ́ kàn án lọ́nà. Mú un wá fúnra rẹ. Bí kò bá sí owó lọ́wọ́ rẹ, mú àìsí rẹ̀ náà wá.

Ibi tí wọ́n ti ní kó o máa lọ, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọn yóò fi pè ọ́ padà. Ọwọ́ tó ṣa òkúta fún ẹlòmíràn kò ní ṣa àbámọ̀ fún ara rẹ̀, àmín.

Sílípáàsì rẹ aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ òsì tó o gbàgbé, mo ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Oyíndà fẹ́ gbá a kúrò, mo ní kó fi í sílẹ̀, pé èèyàn ló ni àyè yẹn. Ìlà tiwa níbí kò gùn. Ìwọ ló kàn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morónkẹ́ Ògúnwùmí.