Wíìlì Tí Kò Ní Tíúbù Tí O Rà fún Bàbá Rẹ

Adúmáadán, ọmọ mi tí mo fi gbogbo ara bí,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé yàrá tí o gbà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kò tíì sú ọ, ṣé ọ̀gá yín tí kì í rẹ́rìn-ín ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Ẹni tó dá ọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bí o bá jáde lówùúrọ̀, ire ni wàá bá pàdé, bí o bá sì ń padà bọ̀, ìwọ náà ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ. Èmi wà, bàbá rẹ wà, ààrò búrẹ́dì wa náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti sán. Ìwé yìí máa gùn, nítorí náà wá ibi jókòó sí, kí o sì kọ́kọ́ jẹun.

Ọ̀rọ̀ wíìlì kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin ará ìlú ńlá kì í pẹ́ gbàgbé nǹkan. O mọ̀ pé látìgbà tí ìwọ fúnra rẹ ti wà nílé-ìwé orí òkè, àwa là ń gbé búrẹ́dì tí àwọn ọmọ ń jẹ nígbà ìsinmi lọ síbẹ̀, ohun tí à ń rí níbẹ̀ la sì fi ń jẹun jù. Ẹ̀gún ojú ọ̀nà yẹn wá ń gún táyà kẹ̀kẹ́ agòkè tí o rà fún bàbá rẹ lójoojúmọ́. Á dorí kẹ̀kẹ́ kodò, á yọ tíúbù, á lẹ̀ ẹ́, kó tó débẹ̀ àwọn ọmọ ti wọlé padà láìjẹun. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà wá sọ fún un tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé bí búrẹ́dì bá tún ń pẹ́, kí sáà yìí tó parí ni òun máa gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin alùpùpù. Nígbà tí o gbọ́ ni o ní wàá ra wíìlì tí kì í lo tíúbù fún un, pé bí ẹ̀gún gún un, á di ojú ihò fúnra rẹ̀. Èmi rò pé oorun ló ń kùn ọ́.

O fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù, o ní kí a yan èyí tó bá wù wá. Èmi àti bàbá rẹ jókòó tì í nínú pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ. Wọ́n kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sára ọ̀kan, wọ́n kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ sára èkejì. Bàbá rẹ ní ọjọ́ orí wọn nìyẹn. Ó ní àgbà ni ká mú, pé ọmọdé máa ń sáré nísàlẹ̀ òkè ni, tó bá dé àárín á jókòó. Èmi ní rárá, pé ẹni tó ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú lọ sílé, ó yẹ ká béèrè ohun tó ń ṣe é. Má bínú, ọmọ mi, wíìlì ni mò ń bá wí. Ìgbà tí o wá ṣàlàyé pé bí wíìlì ṣe tóbi tó ni wọ́n ń fi nọ́ńbà náà sọ, bàbá rẹ ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èmi mọ̀ ni. Àgbà náà la ṣáà padà mú.

O tún ní ká wo bí inú ríìmù ṣe fẹ̀ tó, àti bí àlàfo fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di wíìlì mú, ṣe fẹ̀ tó, kí àárín wíìlì má bàa fún ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mú òwú dúdú, mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo fi í sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí ọ. O rẹ́rìn-ín títí o fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wíìlì dé, ó wọnú fọ́ọ̀kì bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà ara rẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ kí o tọrọ àforíjì. Ti táyà ńkọ́? O ní kí ti iwájú ní eyín gbọ̀ngbọ̀n kó lè di ilẹ̀ mú, kí ti ẹ̀yìn ní eyín kúkurú kó lè máa yí wéré. Bàbá rẹ ní ẹ̀yìn ló ń ru búrẹ́dì, ẹ̀yìn ló yẹ kó ní eyín. Ẹ ń fà á títí owó inú fóònù mi fi tán, ìwọ lo sì borí.

Ọjọ́ tí o ní kí n pe ilé ìtajà láti mọ̀ bóyá ẹrù ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn ló gbé e. Ó ní ipè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo dúpẹ́, mo béèrè ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ó tún ní ipè mi ṣe pàtàkì. Mo ní mo ti gbọ́, mo ṣàdúrà fún un pé kò ní rí ibi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin sí i fún mi, kò sì dá mi lóhùn nípa wíìlì rárá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, àmọ́ kò kọbi ara sí iṣẹ́.

Ẹrù dé wàyí. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí gbogbo wa ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, torí ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ló wá tú u. Ó tú páálí, ó gbọn páálí, ó ki orí bọ inú páálí, kò rí tíúbù. Mo mọ̀ pé o ti sọ fún wa, ṣùgbọ́n mo rò pé ọgbọ́n tí oníṣòwò fi rẹ́ ọ jẹ ni. Wíìlì tí kò ní tíúbù, ṣé kì í ṣe ìkòkò tí kò nídìí nìyẹn? Ohun tí a bá níbẹ̀ ni téèpù kan, fááfù méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ìgò omi funfun. Bàbá rẹ gbóòórùn omi náà, ó ní ìpara ni, ó fi pa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó wọ ṣòkòtò lé e, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣòkòtò kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Omi gbígbóná ni mo fi bó o bí ẹni tó ń bó èèpo iṣu. Ó ṣì ń sọ pé ó ṣiṣẹ́, pé orúnkún náà kò ráyè dùn òun.

Ìwọ náà lo padà sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún Má-fọwọ́-kàn-án lórí fóònù. Ó lẹ téèpù yí inú ríìmù ká láti dí ihò àwọn sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ àárín wíìlì, ó ki fááfù bọ̀ ọ́, ó wọ táyà sí i, ó da omi funfun sínú rẹ̀, ó wá ń fi pọ́ńpù fún un léfẹ́ẹ́fẹ́ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé o mọ̀ pé o kò sọ fún wa pé ó máa dún? Ó dún gbàù, Má-fọwọ́-kàn-án ju pọ́ńpù nù, bàbá rẹ sì da ara dé agbọ̀n búrẹ́dì. Kò da ara dé èmi o, búrẹ́dì ló dáàbò bò. Ìgbà tí ojú wa wálẹ̀ la rí i pé táyà ti jókòó gbagidi sí etí ríìmù. Omi funfun tó ṣẹ́kù, mo fi dí garawa tó ń jò, kò jò mọ́. Jọ̀wọ́, tún fi ìgò kan ránṣẹ́, ìkòkò méjì ń dúró dè é.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún lọ, ẹ̀gún gún un lóòótọ́. Bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀, ó dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ó yọ ẹ̀gún náà. Táyà sọ fììì, omi funfun yọ jáde, ó sì dákẹ́. Ẹlòmíì á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ jókòó tì í, ó ń dúró kó jò tán kó lè rí nǹkan lẹ̀. Ó dúró títí, táyà kò rọ̀. Búrẹ́dì tutù, àwọn ọmọ jáde síta, wọ́n wọlé padà. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Ọ̀gá ilé-ìwé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí òun gbé iṣẹ́ náà fún alùpùpù.

Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí ó ti jáde, nǹkan kan kàn ń sọ fún mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo rọra tẹ̀ lé e. Mo bá a lórí òkúta ní agbedeméjì òkè, ó ti dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ó ń fi ìka yí wíìlì lásán. Ó ní ẹ̀gún ni. Mo fọwọ́ kan táyà, ó le bí òkúta tó jókòó lé. Nígbà náà ni mo wá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kejì wà láyà, pé ó ń mí bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti jókòó. Adúmáadán, mo jókòó tì í, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi.

Ó ní ó ti ń ṣe òun bẹ́ẹ̀ tipẹ́, pé òkè náà ti ń gba èémí lẹ́nu òun. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀gún bá gún táyà, òun máa ń dúpẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ń lẹ táyà léèrè ìdí tó fi jókòó. Ọjọ́ tí ẹ̀gún kò bá sì gún un, òun náà á dorí rẹ̀ kodò. Ó ní wíìlì tí o rà dára jù, kò fi ibi ìfarapamọ́ kankan sílẹ̀ fún òun. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ṣèlérí fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́, mi ò sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Búrẹ́dì ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, aago ìsinmi sì kù díẹ̀ kó lù. Ìwọ ò mọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo fi ń jíṣẹ́ káàkiri. Bàbá rẹ ló ní kí n má gùn ún mọ́, pé ojú ń ti òun. Mo ní kí bàbá rẹ jókòó dè mí, mo ká ìró mi sókè, mo so ó, mo gun kẹ̀kẹ́. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, búrẹ́dì kan yí wọ koríko, mo fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ẹ̀gún ń gún táyà, táyà ń sọ fììì, ó ń dákẹ́, èmi ń lọ. Mo débẹ̀ kí aago tó lù. Ọ̀gá ilé-ìwé bojú wẹ̀yìn mi, ó béèrè pé oníbúrẹ́dì dà. Mo ní èmi ni.

Iṣẹ́ náà kò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ti yẹ àyà bàbá rẹ wò, ó fún un ní oògùn, ó ní kó má gun òkè mọ́. Ẹnu ààrò ló ń jókòó sí báyìí, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ti gba òṣìṣẹ́. Fi owó oògùn ránṣẹ́, ọmọ mi, kí o sì fi owó ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ díẹ̀ kún un, torí èyí tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé obìnrin ni mí.

Ọwọ́ rẹ yóò máa lọ sókè, kò ní wálẹ̀. Wàá rí ẹni tí yóò mọ rírì rẹ, ìwọ náà yóò sì bí ọmọ tí yóò gbọ́ ohun tí o kò sọ. Bàbá rẹ kí ọ púpọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé ara òun le koko, mo sì ti kọ ọ́. Má gbà á gbọ́. Máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ.