Owó Ṣáínà Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Gba Ọ̀kadà Rẹ

Olútúndé,

Mo fara balẹ̀ wo owó Ṣáínà mẹ́ta tí ará Ofosu yẹn fẹ́ fi gba ọ̀kadà rẹ. Ó ní owó àtijọ́ ni, pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti hú wọn. Irọ́ ni. Àpá kan náà ló wà létí ihò àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé orí òkúta kan náà ni gbogbo wọn já bọ́ sí ni? Inú mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti yọ wọ́n, bí ẹni ń yọ búlọ́ọ̀kù. Ayédèrú ni.

Ẹnu dídùn lo gbọ́, o ò wo ọjà. Kó ẹrù rẹ̀ fún un tó bá dé lọ́sàn-án.

Ẹ̀bà wà nínú kúlà. Má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́; èmi ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Aládé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdúràọlá