Ọ̀rọ̀ Kan Tí Tóyìn Ò Ní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Nǹkan ti bàjẹ́, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ìwé pẹlẹbẹ tí a fẹ́ pín níbi ìrántí ọdún kan tí ẹ papò dà ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, orúkọ yín àti ti Tóyìn àbúrò mi nìkan ló wà lára èèpo rẹ̀. Màmá mọ̀. Pásítọ̀ mọ̀. Atẹ̀wé ní Bruma mọ̀. Èmi tí mo ń ṣètò gbogbo rẹ̀ láti Randburg ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

Àwọn ọ̀rọ̀ yín ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ àwọn ará Malay: bamboo, gong, amok tó jẹ́ wèrè ìjà, àti orangutan tó túmọ̀ sí ènìyàn inú igbó. Kódà kọ́ńpáùn tí gbogbo wa fi ń pe àgbàlá nílé, ẹ ní ó jọ pé inú kampung, ìyẹn abúlé wọn, ló ti jáde. Ẹnu Tóyìn ni mo ti gbọ́ ìyẹn, ní gbangba ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé òun nìkan lẹ bí.

Ṣé ẹ rántí ìlànà yín? Ní Sọ́ńdè, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tó bá wà níbẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Tóyìn á wakọ̀ wá láti Midrand. Èmi tí a jọ ń gbélé, mo wà ní yàrá, mo ń múra mítìn Mọ́ńdè. Ẹ ó pè mí, màá ní ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín méjèèjì. Ṣé kí n lè jáde wá lẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín sókè bẹ́ẹ̀ ni?

Mo tú ìwé yín yẹn wò lánàá. Ọwọ́ Tóyìn ló kún inú rẹ̀. Tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: rattan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun àga. Wúruwùru ni mo kọ ọ́. Tóyìn ò purọ́, eish. Òun ló jókòó tì yín. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ó tún ní ẹ ti wá sójú àlá òun lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo ń wẹ̀ fún yín, tí mo ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀ ní ọsibítù, ẹ ò tíì wá rí. Kí ni mo ṣe?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Atẹ̀wé fún mi di ọ̀sán Fúráìdè láti fi ọ̀rọ̀ tèmi àti orúkọ mi kún un. Ẹ wá bá mi lójú oorun kó tó di ìgbà yẹn, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan wá tí Tóyìn ò ní. Ẹyọ kan péré. Mo ti fagi lé mítìn àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n lè sùn pẹ́ dè yín. Tó bá di Sátidé, ó ti pẹ́.

Èmi àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn lọ.