Nọ́ńbà Tó Sọ Àpáta Di Alágbára

                                        Yàrá Oníṣirò,
                                        Ọ́fíìsì Àwọn Awakùsà,
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ara wọn ti yá? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Ara tèmi le koko. Àbúrò rẹ náà wà láàyè, ṣùgbọ́n má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí díẹ̀ ló kù kí n pa á.

O mọ iṣẹ́ mi. Ibi tí wọ́n ń gbẹ́ lábẹ́ wa níbí jìn débi pé àpáta lè bú gbàmù, kó wó lu èèyàn. Èmi ni mo máa ń kó líle àpáta àti jíjìn ihò sínú kọ̀ǹpútà, á wá ya àwòrán fún mi: àwọ̀ ewé níbi tí ọkàn ti lè balẹ̀, pupa níbi tó léwu. Lóṣù tó kọjá, ihò kẹsàn-án, níbi tí àbúrò rẹ ti ń lu àpáta, jáde ní pupa fòò.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Kò-Séwu lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ korò bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún mi pé àpáta àwọn ò lágbára, nígbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀? Ó mú bírò, ó fi díẹ̀ kún líle àpáta. Pupa ṣì wà. Ó tún fi kún un. Kó tó di aago mẹ́wàá, àpáta wa ti le ju irin lọ, gbogbo ihò kẹsàn-án sì ti di àwọ̀ ewé. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ nọ́ńbà náà wọlé. Iṣẹ́ mi ni mò ń rò.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá dé akoto, ó ní òun fúnra òun ló máa mú àwọn àlejò wọ ihò kẹsàn-án. A dé ẹnu àgò irin tó máa ń gbé wa sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ fún un létí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà tiyín la lò o, kì í ṣe ti àpáta." Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó yọ ọ́. Ló bá ní orúnkún ń dun òun.

Olórí àwọn tó ń lu àpáta, bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń wò wá. Ó ní, "Orúnkún wo?" Ọ̀gá di tọ̀tún mú, ó di tòsì mú, ó wá di méjèèjì mú. Bàbá náà yíjú sí mi: "Oníṣirò, ṣé ìwọ lè wọ ibẹ̀?" Mo ní, "Rárá, sà." Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ kó gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, àwọn àlejò náà ò sì wọlé mọ́. Àbúrò rẹ ń kùn bọ̀ pé wọn ò jẹ́ kí òun parí iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ilẹ̀ mì tìtì. Tíì mi dà sórí tábìlì. Ihò kẹsàn-án wó pátápátá, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ṣé o rò pé ọ̀gá ronú? Ó ní kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní àwọ̀ ewé, torí pé kò sẹ́ni tó fara pa, àti pé ibi tó ti wó ò lè wó mọ́. Mo dá nọ́ńbà àkọ́kọ́ padà, mo tẹ àwòrán náà jáde ní pupa fòò, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu àgò. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lánàá.

Bá mi kí bàbá wọn, kí o sì bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra. Àbúrò rẹ ló ń bá mi di ẹrù bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní tòun ti tán, ó ku tìrẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé kan náà,
Oníṣirò.